Ajílẹ̀ wo ni kí n fún ewéko inú táǹkì ẹja mi? NPK ti pa ẹja mẹ́rin mọ́ mi lọ́wọ́

ẸjaAbẹ́Olúmọ · Ọjọ́ Àìkú, 9:20 alẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Aṣérò, l'Abẹ́òkúta níbí, ni mò ń gbé. Ó ti pé oṣù mẹ́rin tí mo gbé táǹkì gíláàsì kan kalẹ̀ sí pálọ̀: sẹ̀ǹtímítà 60 ní gígùn, 30 ní ìbú, 36 ní gíga. Iyanrìn odò tí mo fọ̀ títí omi rẹ̀ fi mọ́ ni mo tẹ́ sísàlẹ̀. Òṣíbàtà kékeré kan tí mo hú ní àbàtà wà níbẹ̀, pẹ̀lú Anubias tí mo so mọ́ igi, àti hornwort tó léfòó. Ẹja Kribensis méjì ló kù.

Mẹ́fà ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Mo rí i pé ewé òṣíbàtà ń pupa rúsúrúsú, ti Anubias sì ń lu wẹ́wẹ́ bíi pé wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un. Mo ní ebi ló ń pa wọ́n. NPK 15-15-15 tí a fi ń gbin àgbàdo wà nílé, mo bu ṣíbí tíì kan, mo dà á sínú omi lálẹ́ Ọjọ́bọ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, mẹ́rin ti kú. Àwọn méjì tó kù wá sókè omi, wọ́n ń mí gúlegúle. Mo ti pààrọ̀ omi lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà yẹn. Ó dùn mí gan-an, nítorí wọn ò tó ìka ọwọ́ mi nígbà tí mo rà wọ́n.

Ẹ jọ̀ọ́, ajílẹ̀ wo gan-an ni kí n lò? Àwọn tó ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń dárúkọ ìgò méje, mẹ́jọ, owó wọn sì ga. Omi kànga ni mò ń lò. Iná LED, wákàtí mẹ́wàá lójúmọ́ bí iná bá wà. N kò fa CO2, afẹ́fẹ́ tí ewéko ń fà, sínú rẹ̀.

OníKàngaỌbáńtokò · Ọjọ́ Àìkú, 9:41 alẹ́

Pẹ̀lẹ́ o, ará. Kó o tó ronú ajílẹ̀ rárá: tún pààrọ̀ ìdajì omi lọ́la, má fún wọn lóúnjẹ fún ọjọ́ méjì, má sì jẹ́ kí fílítà kú. Bí NEPA bá mú iná lọ, fi ife máa bu omi sókè, kó o máa dà á padà, kí afẹ́fẹ́ lè wọlé.

Akẹ́kọ̀ọ́Àlàbátà · Ọjọ́ Àìkú, 10:15 alẹ́

Ẹ kú ọ̀rọ̀ ẹja o, ẹ̀gbọ́n. Kì í ṣe pé ajílẹ̀ yẹn bàjẹ́. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀.

Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́ tó wà lára àpò yẹn, náítírójìn ni: ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣíbí tíì kan tó bíi gírámù 5, náítírójìn inú rẹ̀ á jẹ́ mílígírámù 750. Bí a bá yọ iyanrìn àti àyè tí ẹ fi sílẹ̀ lókè, omi yín á tó lítà 50. Ẹ pín in, mílígírámù 15 ló bọ́ sínú lítà kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú NPK oko, amóníọ̀mù ló sábà máa ń pọ̀ jù nínú náítírójìn yẹn, nígbà mìíràn yúríà á wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Lóko, kò sí wàhálà, ilẹ̀ á gbà á mọ́ra. Nínú omi, apá kan amóníọ̀mù á di amóníà, òun ló ń jó ibi pupa tí ẹja fi ń mí. Bí omi bá ṣe gbóná tó, tí pH rẹ̀ (òdiwọ̀n tó ń sọ bóyá omi kan bí ọsàn tàbí ó dà bí omi eérú) sì ga tó, bẹ́ẹ̀ ni amóníà á ṣe pọ̀ tó. Nínú omi tó wà ní digírì 29, tí pH rẹ̀ jẹ́ 7, kò tó ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí pH bá dé 8, ó ti di bí ìdá 7. Ìdá 7 nínú 15 lé ní mílígírámù 1, bẹ́ẹ̀ láti 0.05 ni ara ẹja ti ń bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ ò fi mọ́ bá wọn.

Náítíréètì ni kí ẹ máa wá, kì í ṣe amóníọ̀mù. Mílígírámù 15 náítíréètì nínú lítà omi kò ní ṣe ẹja yín ní nǹkan kan.

BàbáẸjaÀrọ̀ · Ọjọ́ Ajé, 6:50 àárọ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́. Àwa tá à ń sin ẹja àrọ̀, ìgbẹ́ adìyẹ la máa ń dì sínú àpò, ká so ó mọ́ igun adágún. Ọjọ́ mélòó kan, omi á ti tutù bí ewé, ọmọ ẹja á sì rí oúnjẹ jẹ. Ṣé bí a bá bu díẹ̀ sí táǹkì, kò ní ṣiṣẹ́ ni?

OníKàngaỌbáńtokò · Ọjọ́ Ajé, 7:32 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Á ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí kò wúlò fún wa ni á ṣe. Omi tútù yẹn tí ẹ̀yin ń wá, álíjì ni, irú ohun tó máa ń yọ̀ bọ̀rọ́ lára ìkòkò omi tí a kò fọ̀. Ní adágún, oúnjẹ ọmọ ẹja ni. Nínú táǹkì, á bo ojú iná mọ́ àwọn ewéko, a ò sì ní rí ẹja mọ́. Amóníà inú ìgbẹ́ adìyẹ tuntun náà kò kéré.

ÌyáÒṣíbàtà · Ọjọ́ Ajé, 2:05 ọ̀sán

Ẹ fi sùúrù ka tèmi. Mo ti ń gbin ewéko sínú omi fún ọdún mọ́kànlá, mo sì rí i pé owó táwọn ènìyàn ń ná sórí ìgò pọ̀ ju àkókò tí wọ́n fi ń wo ewé lọ. Ewé ni kó o kọ́kọ́ bi, ọmọ mi.

Àwọn oúnjẹ kan wà tí ewéko lè yọ kúrò lára ewé àgbà, kó gbé e fún ewé tuntun: náítírójìn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, pọtásíọ̀mù àti magníṣíọ̀mù. Bí ọ̀kan nínú wọn bá wọ́n, ewé àgbà ló kọ́kọ́ ń jìyà rẹ̀, bí ìyá tó bu oúnjẹ ẹnu rẹ̀ fún ọmọ. Àwọn mìíràn wà, bí irin àti kálísíọ̀mù. Bí wọ́n bá ti wọ ewé kan, wọn ò kúrò níbẹ̀ mọ́. Ara ewé tuntun ni ìyà tiwọn ń hàn sí.

Ihò wẹ́wẹ́ lára ewé Anubias tó ti pẹ́, tí etí ihò náà máa ń pọ́n kó tó já, pọtásíọ̀mù ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Oúnjẹ ẹja máa ń mú náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì wọ inú omi lójoojúmọ́ gẹ́gẹ́ bí ìgbẹ́ ẹja, ṣùgbọ́n pọtásíọ̀mù inú rẹ̀ kì í tó fún ewéko. Bí gbogbo ewé àgbà bá pupa rúsúrúsú pátá, náítírójìn ni. Bí àmì tútù ribiti-ribiti tó le bí òkúta bá ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì àti orí ewé Anubias, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ló sábà máa ń wọ́n. Bí ewé tuntun bá ń jáde ní wíwọ́, tí orí rẹ̀ ká kò, wo kálísíọ̀mù.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo fẹ́ kó o ṣe ṣáájú gbogbo ìyẹn. Wá ojú oró méjì tàbí mẹ́ta, fọ̀ wọ́n, fi wọ́n sínú ike omi lọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ìgbín àti eṣúṣú má bàa bá wọn wọlé, kó o tó gbé wọn sórí omi táǹkì. Àwọn àgbà ní ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Torí pé ó lékè yẹn gan-an ni mo ṣe fẹ́ ẹ níbẹ̀. Ewé tó wà lábẹ́ omi lè máa jìyà torí CO2 kò tó o tàbí torí iná kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìwọ á sì rò pé ajílẹ̀ ló ń tọrọ. Ojú oró kò ní irú àwáwí yẹn: inú afẹ́fẹ́ ló ti ń mú CO2, abẹ́ iná gan-an ló sì jókòó sí. Bí ó bá pupa rúsúrúsú, tó kéré, tí gbòǹgbò rẹ̀ gùn jọ̀jọ̀ wálẹ̀, oúnjẹ kò sí nínú omi. Bí ó bá tutù yọ̀yọ̀ tí àwọn ti abẹ́ omi sì ń jìyà, má bu ajílẹ̀ kankan sí i. Má sì jẹ́ kó bo ju ìdá kan nínú mẹ́ta ojú omi lọ, kó má gba iná mọ́ òṣíbàtà lójú.

Òṣíbàtà tó o ní ó ń pupa yẹn, ewé wo ni? Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká jáde ni àbí èyí tó ti pẹ́?

ẸjaAbẹ́Olúmọ · Ọjọ́ Ajé, 8:48 alẹ́

Ẹ ṣé gan-an, mà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi tọ́ọ̀ṣì wò ó ni. Ewé tuntun ni, mà. Mẹ́ta tó jáde kẹ́yìn. Ara wọn ti ṣá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun, ṣùgbọ́n iṣan wọn ṣì tutù, ó rí bí àwọ̀n tí wọ́n tẹ́ sórí aṣọ funfun. Èyí tó ti pẹ́ tutù dáadáa. Àwọn ẹja méjèèjì ti ń rìn kiri báyìí, wọ́n ti kúrò lókè omi.

ÌyáÒṣíbàtà · Ọjọ́ Ajé, 9:30 alẹ́

A dúpẹ́ fún ti ẹja. Irin ni ọ̀rọ̀ òṣíbàtà rẹ.

Iyanrìn odò tó o fọ̀ mọ́ yẹn kò ní nǹkan kan nínú, òṣíbàtà sì jẹ́ ewéko tó ń fi gbòǹgbò jẹun púpọ̀. Abẹ́ iyanrìn ni kó o ti bọ́ ọ, ohun tó o máa fi bọ́ ọ sì wà lẹ́yìnkùlé rẹ. Ilẹ̀ pupa Abẹ́òkúta yìí, irin tó dípẹtà ló pọ́n ọn bẹ́ẹ̀. Gbẹ́ ẹ jìn díẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni ò fọ́n oògùn koríko tàbí da ajílẹ̀ sí. Yọ gbòǹgbò àti ewé inú rẹ̀ kúrò. Pò ó mọ́ amọ̀ díẹ̀, yí i roboto, kó tó ẹ̀kùrọ́, sá a sóòrùn títí á fi le. Ki mẹ́rin tàbí márùn-ún yí òṣíbàtà ká, kó wọlẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 4. Ní ìsàlẹ̀ ibẹ̀ tí ọ́síjìn ò pọ̀, irin tó ti dípẹtà á yí padà di irú èyí tó ń yọ́ sínú omi, gbòǹgbò á sì fà á.

Má ṣe ki nǹkan kan sábẹ́ Anubias o. Ewéko etí odò inú igbó Áfíríkà tiwa níbí ni, ara igi àti òkúta ló máa ń dì mọ́. Bí o bá bo ìtàkùn rẹ̀ mọ́lẹ̀, á jẹrà. Inú omi ni kó o ti fún un ní tirẹ̀.

AláàdìrẹÌtòkú · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11:12 àárọ̀

Ẹ kú ìjíròrò. Táǹkì kékeré kan wà ní ṣọ́ọ̀bù mi. Nípa pọtásíọ̀mù tí Mà sọ, ṣebí ó pọ̀ nínú eérú èèpo kòkó? Òun la fi ń ṣe ọṣẹ dúdú, omi eérú náà ni àwọn ìyá wa fi ń po aró ẹlú látijọ́. Ṣé kò ní dín owó kù?

Akẹ́kọ̀ọ́Àlàbátà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:40 ọ̀sán

Òótọ́ ni ẹ sọ, mà, pọtásíọ̀mù inú rẹ̀ pọ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kí omi eérú lè sọ òróró di ọṣẹ, tó sì jẹ́ kó ṣiṣẹ́ nínú aró, òun ni kò dáa fún ẹja: ó máa ń gbé pH sókè fíìì. Bí amóníà díẹ̀ bá wà nínú omi, pH yẹn á sọ ọ́ di májèlé. Ẹ jẹ́ kí eérú máa bá aró àti ọṣẹ lọ.

Ẹ lè rí èyí tó dáa lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta nǹkan fún àwọn tó ń gbin tòmátì sínú ilé onírọ́bà, nítorí ajílẹ̀ tó ń yọ́ tán nínú omi làwọn náà ń wá. Nọ́ńbà mẹ́ta tó wà lára àpò ni kí ẹ kà: náítírójìn ló ṣáájú, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tẹ̀ lé e, pọtásíọ̀mù ló kẹ́yìn. 13-0-46 ni potassium nitrate. 0-52-34 ni monopotassium phosphate. 0-0-50 ni potassium sulphate. Bí ẹ bá rí 46-0-0, yúríà nìyẹn, ẹ fi sílẹ̀. Wọ́n lè bá yín wọ̀n ọ́n díẹ̀díẹ̀, ẹ kò nílò odindi àpò.

Ẹ̀gbáLókèÒkun · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:03 alẹ́

Mo kí gbogbo ilé. Lọ́dọ̀ wa níbí, ọ̀nà tí Tom Barr ará Amẹ́ríkà là sílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ń tẹ̀ lé, Estimative Index. Kò sí pé ò ń wo ewé kan kan. O máa bu gbogbo oúnjẹ sí i kó pọ̀ ju ohun tí ewéko lè jẹ lọ, lópin ọ̀sẹ̀ o máa pààrọ̀ ìdajì omi.

Ẹ̀rù máa ń ba àwọn ènìyàn pé á kún jù. Ẹ wò ó: bí o bá ń bu náítíréètì mílígírámù 10 sí lítà kan lọ́sẹ̀, tí ewéko ò tiẹ̀ jẹ nínú rẹ̀ rárá, ọ̀sẹ̀ kìíní á jẹ́ 10. O pààrọ̀ ìdajì, ó ku 5, o fi 10 kún un, ó di 15. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, 17.5. Lẹ́yìn ìyẹn, 18.75. Kò lè kọjá 20 láéláé. Omi tí ò ń pààrọ̀ ló ń ṣọ́ ọ. Mo fara mọ́ ọn pé òun ló rọrùn jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

ÌyáÒṣíbàtà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:15 alẹ́

Àbúrò mi, ìṣirò rẹ dára, mo sì ti lò ó rí nígbà tí mo ní sìlíńdà CO2. Ṣùgbọ́n táǹkì tí wọ́n ń fa CO2 sí, tí iná rẹ̀ mú gan-an, ni wọ́n ṣe é fún. Ewéko níbẹ̀ ń dàgbà lójoojúmọ́. Ti ọmọ yìí kò ní CO2, ó ń dàgbà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ìdá kan nínú mẹ́ta oúnjẹ yẹn ti tó o. Omi kànga pẹ̀lú: ní Abẹ́òkúta yìí, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹni tó ń pọn omi ìdajì táǹkì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí.

Dín iná kù sí wákàtí méje. Iná púpọ̀ láìsí CO2, álíjì ló ń bọ́.

Ẹ̀gbáLókèÒkun · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:40 alẹ́

Mo gbà, ẹ̀gbọ́n. N kò ka ibi tó ti ní òun ò lo CO2 dáadáa. Kó bẹ̀rẹ̀ láti ìdá kan nínú mẹ́ta.

Akẹ́kọ̀ọ́Àlàbátà · Ọjọ́rú, 5:20 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ fún lítà 50 tí ẹ̀gbọ́n ní. Ẹ yọ́ gírámù 20 potassium nitrate sínú omi mímọ́ mílílítà 500. Mílílítà 10 nínú ìgò yẹn á gbé bíi mílígírámù 5 náítíréètì àti mílígírámù 3 pọtásíọ̀mù wọ lítà kọ̀ọ̀kan. Ìgò kejì: gírámù 3 monopotassium phosphate nínú mílílítà 500, mílílítà 10 á fún yín ní fọ́sífétì bíi 0.8. Mílílítà 10 nínú ìkíní lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, mílílítà 5 nínú ìkejì. Ó tán. Ẹ fi síkéèlì wọ̀n ọ́n, ẹ má fi ṣíbí díwọ̀n. Ẹ kọ orúkọ sára ìgò, ẹ gbé e jìnnà sí ọmọdé.

Ti irin fún Anubias: ẹ béèrè irú tí wọ́n fi ohun mìíràn dè mọ́ra kó má bàa tètè dípẹtà. Èyí tí wọ́n fi EDTA dè kì í pẹ́ nínú omi tí pH rẹ̀ ti kọjá 6.5. Ti DTPA máa ń dúró títí dé bíi 7.5. Kó má ju mílígírámù 0.1 nínú lítà kan lọ. Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ mọ pH omi kànga yín?

ẸjaAbẹ́Olúmọ · Ọjọ́rú, 8:10 alẹ́

Mo ra bébà ìdánwò lónìí. 7.4. Ohun kan tún ni pé ọṣẹ kì í hó dáadáa nínú omi náà, nǹkan funfun sì máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí kẹ́tù wa.

OníKàngaỌbáńtokò · Ọjọ́rú, 8:26 alẹ́

A jẹ́ pé kálísíọ̀mù kò wọ́n ẹ nìyẹn. Omi tó ń jẹ ọṣẹ, tó sì ń fi funfun sílẹ̀ ní ìdí kẹ́tù, kálísíọ̀mù ló pọ̀ níbẹ̀, magníṣíọ̀mù sì sábà máa ń bá a rìn. Má ra ìgò kankan fún ìyẹn. Èmi tí mò ń lo omi òjò ni mo ní ìṣòro yẹn, torí omi òjò kò ní méjèèjì. Ìkarahun ìgbín ni mo fọ́ sínú àpò kékeré, mo gbé e sínú fílítà. Fún magníṣíọ̀mù, iyọ̀ Epsom láti ilé òògùn, gírámù 1 sí lítà 50.

AláàdìrẹÌtòkú · Ọjọ́bọ̀, 10:02 àárọ̀

Wọ́n ní kọ́pà wà nínú àwọn ajílẹ̀ onírin yẹn. Ìgbín méjì wà nínú tèmi, ṣé kò ní pa wọ́n?

ÌyáÒṣíbàtà · Ọjọ́bọ̀, 1:17 ọ̀sán

Bí o bá lo ìwọ̀n tí wọ́n kọ, kò ní pa wọ́n. Ewéko pàápàá nílò kọ́pà bín-ń-tín. Ẹni tó bá da ìdajì ìgò sí i lẹ́ẹ̀kan náà ni ìgbín rẹ̀ máa kú.

ẸjaAbẹ́Olúmọ · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, 7:45 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Mo ní kí n jábọ̀ fún yín. Ilẹ̀ pupa márùn-ún ni mo kì yí òṣíbàtà ká. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ewé kan yọ, ó dúró ní kíká bí ẹ̀kọ tí wọ́n pọ́n fún odindi ọjọ́ méjì. Nígbà tó ṣí, iṣan àti ara rẹ̀ tutù bákan náà. Mẹ́ta ló ti jáde bẹ́ẹ̀ báyìí. Ihò ara Anubias kò dí, àwọn ewé tó ti lu yẹn lu náà ni, ṣùgbọ́n ewé méjì tó yọ lẹ́yìn tí mo bẹ̀rẹ̀ 13-0-46 kò ní ihò kankan. Ojú oró kọ́kọ́ pupa, ó wá ń tutù. Iná ti di wákàtí méje, álíjì sì ti dín kù lára gíláàsì.

Ikùn abo Kribensis ti pọ́n bí ìgbà tí wọ́n fi osùn pa á. Láti ọjọ́ mẹ́rin báyìí ló ti wọ abẹ́ àfọ́kù ìkòkò tí mo dojú rẹ̀ délẹ̀, kì í jẹ́ kí akọ sún mọ́ ọn. Mo fi tọ́ọ̀ṣì yọjú, mo rí ẹyin lára òrùlé rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n dá ajílẹ̀ dúró ná?

ÌyáÒṣíbàtà · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:30 àárọ̀

Ẹ kú oríire o! Má dá a dúró, ìwọ̀n tó ò ń lò kò lè pa ẹyin. Pípààrọ̀ omi ni kó o yí padà: dípò ìdajì lẹ́ẹ̀kan, máa pààrọ̀ ìlàrin lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí omi tuntun náà ti wà nínú ilé mọ́jú kí ìgbóná wọn lè dọ́gba. Má sì tan tọ́ọ̀ṣì yẹn sí i mọ́, ó lè fi ìbẹ̀rù jẹ ẹyin rẹ̀.